Ẹsẹ̀ Àga Kan

Ní yàrá ìránṣọ ọsibítù, lẹ́yìn ilé tí wọ́n ń kó oògùn sí,
ẹ̀rọ méjì ni wọ́n gbé kọjú sí fèrèsé kan ṣoṣo.
Bàbá bàbá mi jókòó ti ọ̀kan, ó ń rán aṣọ ibùsùn;
obìnrin Pólàǹdì jókòó ti èkejì, ó ń ṣẹ́ etí aṣọ nọ́ọ̀sì.
Ogun Hítílà ti parí. Òjò àkọ́rọ̀ ti bọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́.

Wọn ò mọ orúkọ rẹ̀ pè. Ó gùn bí ọ̀nà oko.
Ìyá Olórùka ni wọ́n ń pè é,
nítorí wúrà tó wà ní ìka ọmọńdinrín rẹ̀,
ẹyẹ kan na ìyẹ́ lórí rẹ̀, ẹyẹ tí a kò ní níhìn-ín.
Àwọn dókítà ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé ọmọ olóyè ni, kántẹ́ẹ̀sì,
pé bàbá rẹ̀ ló ni igbó, ló ni odò, ló ni abúlé mẹ́rìnlá,
pé bàtà ọkùnrin ló fi rin orí yìnyín kọjá,
pé ìjọba tuntun ti fi tàdáwà fagi lé oyè náà
bí olùkọ́ ṣe ń fagi lé ìṣirò tí kò tọ̀nà.

Bàbá bàbá mi gbọ́. Ó tẹ ẹ̀rọ rẹ̀ lọ.

Oyèékàn ni wọ́n sọ òun náà.
Oyè kàn án lóòótọ́, ìlú ni kò kù.
Igbóoyin ti di ahoro kí wọ́n tó bí bàbá rẹ̀;
ẹṣin ló wọ̀ ọ́, iná ló jáde níbẹ̀.
Àwọn tó yè gba ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ lóru,
wọ́n di ọmọ lẹ́nu, wọ́n di ajá lẹ́nu.
Ẹsẹ̀ kan lára àga oyè ni wọ́n rí gbé.
Ẹsẹ̀ mẹ́ta yòókù, iná jẹ ẹ́.
Ògbómọ̀ṣọ́ gbà wọ́n, ó fún wọn ní ilẹ̀ létí odi,
ó ní kí ọba wọn máa jọba, kó má ṣáà dé adé jáde.
Láti ìgbà náà, Onígbóoyin ń jẹ, Onígbóoyin ń kú,
ìlú rẹ̀ kò ju agbo-ilé kan,
ewúrẹ́ mẹ́fà,
igi oṣè kan tó fara ti ògiri.

Lọ́jọ́ kan, lẹ́tà dé láti Lọ́ńdọ̀nù.
Oníṣòwò irin kan ló fẹ́ fẹ́ Ìyá Olórùka.
Kò rí i rí o. Orúkọ ló ń wá,
kí wọ́n lè tẹ̀ ẹ́ sára káàdì rẹ̀.
Ó kà á, ó ká a, ó tún tú u.
Ó fi Yorùbá tó kọ́ lẹ́nu àwọn aláìsàn béèrè pé,
"Bàbá Ládòkun, ṣé oyè ṣe é rà?"

Bàbá bàbá mi fi eyín gé òwú.
"Ẹ bi í bóyá yóò ra ẹsẹ̀ wíwú mọ́ ọn.
Bóyá yóò ra òru ọjọ́ náà.
Èmi ò mọ iye tí wọ́n ń tà á."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.
Ó mú àlùmọ́gàjí, ó fi lẹ́tà náà gé bátánì
àpò ṣòkòtò ọmọdé. Bébà tó nípọn ni, ó wúlò.

Láti ọjọ́ kejì, bí ó bá ti wọlé láàárọ̀,
bàbá bàbá mi á ṣí fìlà: "Kábíyèsí."
Òun náà á tẹ orúnkún díẹ̀, eegun rẹ̀ á dún: "Kábíyèsí."
Àwọn nọ́ọ̀sì rò pé ẹ̀fẹ̀ ni.
Ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n fi ṣe ẹ̀fẹ̀ náà,
kí ọkọ̀ ojú omi tó gbé e lọ sí Kánádà. Kò kọ̀wé.

Páànù ni èmi ń tà ní Tákìé.
Lẹ́ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, àwọn àgbà ilé wa dé, wọ́n ní ó ti kàn mí.
Mo ní ìlú dà? Wọ́n wo ilẹ̀.
Wọ́n gbé àpò kan fún mi, wọ́n lọ jẹun.
Ẹsẹ̀ àga ló wà nínú rẹ̀, ó dúdú, ó fúyẹ́ ju bí mo ṣe rò,
wọ́n fi bébà tó nípọn wé e,
bébà tí wọ́n gé bí àpò ọmọdé.

Orí tábìlì ìsọ̀ mi ni mo gbé e sí.
Oníbàárà kan gbé e wò lánàá, ó rò pé òòlù ni.
Ó béèrè iye tí mo ń tà á.